Ìtìjú Ló Bá Mi Nájà

Ara mi kì í gba ìranù. Bí mo bá fi yẹtí ayédèrú sétí lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n tó dárúkọ ọmọ tán, etí mi á ti wú, omi á ti máa sun níbẹ̀. Ọṣẹ olóòórùn dídùn tí gbogbo ilé ń fi wẹ̀ tí ara wọn ń dán, èmi lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, mo họ ẹ̀yìn mọ́jú. Páàdì tí wọ́n da lọ́fíńdà sí kò tiẹ̀ ṣeé sọ. Ìyá mi a máa ní ọmọ ọba ni mí, pé ara ọmọ ọba kì í gba ìyà. Bàbá mi a ní irọ́ ni, owó ọṣẹ ni mo fẹ́ fi pa òun.

Ẹ ó rò pé ẹni tí ara rẹ̀ rí báyìí yóò máa yẹ nǹkan wò dáadáa kó tó rà á. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò o. Bí mo bá fẹ́ ra léèsì ní Gbági, màá fọwọ́ pa á, màá yí inú rẹ̀ síta, màá gbé e lọ sójú oòrùn, títí ìyá aláṣọ á fi máa wò mí níwòkuwò. Ata rodo lásán, màá gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó. Àmọ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ ra ohun tó máa kan ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ jù lára obìnrin, ńṣe ni mo dijú tí mo rà á. Ìtìjú ló bá mi nájà lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ò sì mọ ọjà ná.

Àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì, ilé ti dákẹ́, èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń rójú ráyè fún ara wa. Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ojú ara wá ń gbẹ, ohun tí kì í dùn mí tẹ́lẹ̀ wá ń dùn mí. Àṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí nǹkan oṣù bá ti ń múra àtidúró, ẹsitirójìn inú ara á máa dínkù, awọ ojú ara á fẹ́lẹ́ sí i, omi ibẹ̀ á sì gbẹ. Èmi ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló yọ́ sọ fún mi nídìí ìkòkò ìrẹsì níbi ìnáwó òkú kan pé òun àti ọkọ òun ti ra nǹkan ìṣeré inú yàrá, èyí tó máa ń gbọ̀n, pé ó ti sọ àwọn dọmọdé. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo délé, mo tan fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ó pọ̀ lọ súà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó wọ́n àti èyí tó pọ̀ọ́kú. N kò ka nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn, torí ọkàn mi ń sọ fún mi pé bí mo bá pẹ́ níbẹ̀, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì á mọ̀. Mo mú èyí tó pọ̀ọ́kú jù, ó pupa fòò, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Àwọn tó ń tà á ní àwọn á fi jẹ́lì kan ṣe èènì fún mi, olóòórùn sitirọ́bẹ́rì, tó máa ń mú ara gbóná. Ta ni kì í gba èènì?

Ọlọ́kadà tó gbé e wá pariwo láti ẹnu géètì: "Mọ́mì, ẹrù yín dé o! Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ohun èlò ilé ìdáná ni!" Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Ọ̀yọ́, gbọ́ ọ ní pálọ̀.

"Ìyàwó mi, kí lo tún rà sí ilé ìdáná?"

"Ṣíbí ni, Mà."

Bí mo ṣe tú páálí náà ni òórùn táàpólì tuntun gba gbogbo yàrá. Ọkọ mi ní, "Ṣé kò ní pa wá báyìí?" Mo ní òórùn ọjà tuntun ni. Àṣé inú òórùn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Rọ́bà PVC tí wọ́n fi ṣe é kì í dédé rọ̀, kẹ́míkà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tó fi ń rọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní phthalates sì wà lára kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jókòó sínú rọ́bà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jò jáde. Lọ́dún 2008, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé àwọn kan nínú wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun ìṣeré ọmọdé, nítorí ọmọdé a máa ki nǹkan bọnu. Òfin yẹn kò dárúkọ ohun ìṣeré àgbàlagbà. Ó di ọdún 2021 kí àjọ ISO tó gbé ìlànà àgbáyé jáde lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe tiwa, ISO 3533 ni wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn páálí tèmi ni pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni wọ́n ṣe é fún, pé kì í ṣe ohun tí à ń lò sára. Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mo tó kà á.

Kò pẹ́ tí jẹ́lì sitirọ́bẹ́rì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní á mú ara gbóná, wọn ò parọ́. Ó kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbóná, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Mo kígbe, mo fò dìde. Ọkọ mi rò pé ìdùnnú ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti dé balùwẹ̀ kó tó yé e. Mo da omi tútù sínú báàfù tí à ń fọṣọ, mo rì sínú rẹ̀, mo ń mí gúlegúle. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ariwo omi, ó wá kanlẹ̀kùn.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tí ò ń domi lóru?"

"Ooru ló mú mi, Mà."

"Ooru? Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ooru inú ni, Mà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Háà! Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ́ nìyẹn. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn." Ó wá àpótí kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún mi bí nǹkan oṣù tirẹ̀ ṣe dúró, ẹni tó sọ fún, àgbo tó mu, ohun tí bàbá ọkọ mi sọ sí i. Èmi ń gbọ̀n nínú omi, mo ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pinnu pé kòkòrò ló wọ̀ mí lára. Mo fi ọṣẹ dúdú gbo nǹkan náà, mo tú oògùn apakòkòrò tí à ń fi nulẹ̀ lé e lórí, mo sì fi ọṣẹ dúdú yẹn kan náà fọ ara mi. Ọṣẹ dúdú dára lójú, ó dára lórí, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú sì le. Ojú ara obìnrin ní omi kíkan tirẹ̀, pH rẹ̀ wà láàárín 3.8 sí 4.5 nígbà tí nǹkan oṣù bá ṣì ń wá déédéé, kíkan yẹn ló sì ń lé àrùn sẹ́yìn. Ìwọ̀nba tó kù sí mi lára ni mo fọwọ́ ara mi fọ̀ dànù. Nǹkan ìṣeré náà ò sì mọ́, torí rọ́bà rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ihò tíntìntín tí ojú ò rí, ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde tán. Gbogbo ọṣẹ àti apakòkòrò tó mu, èmi ló tún pọ̀ ọ́ lé.

Ọkọ mi wá gbé ọgbọ́n tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí a wọ kọ́ńdọ́ọ̀mù fún nǹkan náà kó má baà kàn mí mọ́, kí a sì fi adín àgbọn rọ́pò jẹ́lì burúkú yẹn. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ohun tí àwa méjèèjì ò mọ̀ ni pé òróró ń ba kọ́ńdọ́ọ̀mù látẹ́ẹ̀sì jẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti máa sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ó fà ya. Lọ́tẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí pé ara ń yún mi, ó tún wú.

Mo forí lé ilé ìwòsàn. Dókítà tí mo bá, obìnrin ni, kò sì ju àbíkẹ́yìn ilé wa lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè ọ̀rọ̀. Mo ro gbogbo ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi látòkè délẹ̀, mo ń fi ìdí kan jókòó, mo ń gbé èkejì sókè. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín gun orí bẹ́ẹ̀dì kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tó fi bi mí pé, bí mo bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ṣé ẹnu máa ń yún mi? Ìbẹ́pẹ ńkọ́? Píà ńkọ́? Mo yíjú sí i. Láti kékeré ni píà ti ń yún mi lẹ́nu. Ó tún ní, bí mo bá fẹnu fẹ́ bàlúùnù níbi ọjọ́ìbí ọmọ, ṣé ètè mi kì í wú? Mo rò pé Ifá ló ń dá. Ó ṣàlàyé fún mi pé oje igi rọ́bà ni látẹ́ẹ̀sì, pé àwọn purotéènì inú rẹ̀ jọ ti inú àwọn èso wọ̀nyẹn, ara tó bá kọ ọ̀kan lè kọ èkejì. Ó ní kọ́ńdọ́ọ̀mù tí a fi polyurethane ṣe wà fún irú wa.

Ó kan jẹ́lì. Ó ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ lọ́dún 2012 pé osmolality jẹ́lì tí à ń lò sójú ara, ìyẹn bí àwọn nǹkan tó yòrò sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò yẹ kó ju 1,200 lọ, pé èyí tó dára jù kì í ju 380 lọ. Jẹ́lì tí gílísáríìnì àti propylene glycol bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fò ó kọjá. Ńṣe ló máa ń fa omi jáde lára awọ, bí ìgbà téèyàn da iyọ̀ sórí ìgbín. Mo ní, "Dókítà, ẹ ṣé, ó ti yé ìgbín."

Ó kọ ìpara ẹsitirójìn fún mi fún ojú ara tó ń gbẹ, ó wá kọ àwọn tó kù sẹ́yìn ìwé. Ó ní kí n ra ojúlówó sílíkóònù, tàbí gíláàsì borosilicate, nítorí wọn ò ní ihò, wọn kì í sì í rùn. Irin tí kì í dógùn-ún náà dára, àmọ́ níkẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì ló sì jọ pé ó ń wú etí mi nínú yẹtí ayédèrú, kí n yáa jìnnà sí i. Jẹ́lì olómi ni kí n lò, aláìní lọ́fíńdà, aláìní gílísáríìnì. Kí n má fi jẹ́lì sílíkóònù sára ohun èlò sílíkóònù, ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kí n kọ́kọ́ fi jẹ́lì náà díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbúnwọ́, kí n sì máa wò ó fún wákàtí 48. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ní òórùn tó láti fọ̀ ọ́, èyí tí kò ní ẹ̀rọ nínú tiẹ̀ ṣeé sè, kó gbẹ dáadáa, kó sì ní àpò òwú tirẹ̀. Bí awọ bá bó, kí n jẹ́ kó san ná. Bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró pátápátá, kí n má ṣe sọ pé ọ̀rẹ́ mi ni, kí n máa bọ̀ kíákíá.

Mo tẹ̀lé ìwé náà. Mo ra ti sílíkóònù, kékeré, kò rùn. Mo fi jẹ́lì sí ìgbúnwọ́, wákàtí pé, ara ò yún mi. Nígbà tó di alẹ́ Sátidé, ọkọ mi ní kí n lọ sinmi, òun á bá mi ṣètọ́jú ata ọbẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ wo ọkọ rere! Ó já ìdí ata rodo lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó là wọ́n sí méjì, ó fi èékánná wa kóró inú wọn dànù, ó fomi ṣan ọwọ́, ó wá bá mi ní yàrá.

N kò ní ṣàlàyé. Ohun tó ń ta nínú ata, capsaicin lorúkọ rẹ̀, kì í bómi lọ, òróró ló ń tú u. Ẹni tó bá gé ata, kó fi òróró pawọ́ ná, kó wá fọṣẹ fọ̀ ọ́, kó sì tún un fọ̀. Ìyá ọkọ mi ti padà sí Ọ̀yọ́ nígbà náà, a dúpẹ́, torí lọ́tẹ̀ yìí àwa méjèèjì la jọ wà ní balùwẹ̀.

Nígbà tí jẹ́lì tán, mo wọ ilé ìpoògùn àdúgbò wa lọ́sàn-án gangan. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ rà?" Mo sọ ọ́ ketekete: jẹ́lì olómi fún ojú ara, kó má ní lọ́fíńdà, kó má ní gílísáríìnì, kó má sì jẹ́ èyí tó ń gbóná. Ojú ti ọmọ náà, ó sáré ń wá bébà tó máa fi wé e. Mo ní kó dúró ná. Mo yọ awò ojú mi nínú báàgì, mo ka ẹ̀yìn ike náà látòkè délẹ̀, mo bi í léèrè èyí tí kò yé mi, mo tún ní kó bá mi dín owó rẹ̀ kù. Kò dín in.

Mo ti dé ìdí mọ́tò nígbà tí obìnrin kan tó tò sẹ́yìn mi sáré lé mi bá, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí lẹ ní ẹ rà yẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń wá irú ẹ̀."

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì fún un. Mo ní kó bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó sì sọ fún ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó má gé ata.