Oríkì Yàrá Kan ní Ìgàndò

Ẹ dá gángan dúró, ẹ jẹ́ kí n kí ọlọ́lá kan. Àsìkò tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gba ọmọ tuntun ti tún dé. Orúkọ ọmọ ti jáde, ìyá ti ṣe ọpẹ́, àwọn àbúrò ti jẹ ìrẹsì, ó wá ku ibi tí ọmọ yóò máa forí lé. Torí ẹni tí mo fẹ́ kí yìí ni wọ́n ṣe ń pèpàdé ẹbí ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìdímù. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgàndò, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ o. Má wo ti pé ẹsẹ̀ mi wà ní kọ́rídọ̀. Àyè inú rẹ kò gbà ju orí àti àyà lọ.

Yàrá ọba, aláṣọ ọ̀dà tútù!
A-kunra-lóru kí àlejò tó jí dé.
Ọmọ síìlì tó ń sunkún kí òjò tó ṣú.
Ọmọ fáànù tí ejẹ́ńtì ń fi ìka yí.
Ọmọ fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.
A-gba-méjì-lọ́sàn-án, a-gba-mẹ́fà-lóru.
Ìlẹ̀kùn rẹ kò ṣeé tì, ó ní òun kò lọ́tàá.
Súìṣì rẹ kò ní gílóòbù, ó ní ẹni tó mọ̀wé kì í tọrọ ìmọ́lẹ̀.

Àwọn tí kò mọ ìran rẹ ń sọ pé ọmọ àná ni ọ́. Kí wọ́n fetí sílẹ̀. Lọ́dún 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀. Ọ̀jọ́ ni wọ́n fi ọgbà ńlá rẹ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń ti ilé wá ni. Kíláàsì wà, bẹ́ẹ̀dì kò sí. Níbi tí àlàfo yẹn wà ni bàbá rẹ, Láńlọ́ọ̀dù, ti gbé búlọ́ọ̀kù dé. Àwọn ẹlẹ́jọ́ àdúgbò ní adìyẹ ló kọ́kọ́ gbé inú rẹ. Ìlara ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n mú adìyẹ wá lóòótọ́, ó yí ojú po lẹ́ẹ̀kan, ó ní àyè kò gba òun. Akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà.

Ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì ló gbé ọ gorí ìtẹ́. Ọmọ tó ń gbé Ẹgbẹ́dá, tó ní kíláàsì aago mẹ́jọ ní Ọ̀jọ́, á ti wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù kí ìkòkò ìyá ẹlẹ́kọ tó hó. Á wọ dáńfó, á sọ̀, á tún wọ òmíràn, gósílóò á mú un, òógùn á fọ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kí ó tó dé Ìyànà-Ìba. Ìyá ọmọ á ro ó títí, á ní kí wọ́n kúkú wá yàrá. Ẹ̀bá géètì ilé-ìwé ti wọ́n kọjá apá, ni ojú gbogbo bá yí sí Ìgàndò. Ejẹ́ńtì ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni láti ọ̀dọ̀ rẹ dé kíláàsì. Kò parọ́. Òru ọjọ́ Àìkú ló fi wọ̀n ọ́n, lórí ọ̀kadà tí kò ní bíréèkì.

Ejẹ́ńtì yìí gan-an ni akígbe ààfin rẹ. Ẹ wò ó ní ọjọ́ tó mú ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí ọ. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó sán, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní:

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Ẹ sáà wò ó. Self-contain ni, executive ni."

Ìyá ní, "Bọ̀dá, ilé ìwẹ̀ dà?"

"Òun ló wà lẹ́yìnkùlé yẹn, mọ́mì. Yàrá mẹ́jọ péré ló ń lò ó."

"Ṣé ohun tí ẹ ń pè ní self-contain nìyẹn?"

"Mọ́mì, inú ọgbà kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó máa jáde lọ sí títì lọ wẹ̀."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Omi ńkọ́?"

"Haa! Omi ò wọ́n níbí rárá."

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Tó bá di oṣù Kẹfà, omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé wá bá ọmọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó wà nínú kànga nìkan ni yóò máa ṣe iyì: ó pọ́n, ó ń rùn irin, tí wọ́n bá fi fọ aṣọ funfun, aṣọ á gba oyè.

Ó rẹ ọmọbìnrin náà, tó ti ń dúró láti àárọ̀, ló bá fara ti ògiri. Nígbà tó máa dìde, ọ̀dà ti gba èjìká búláòsì rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá wo ọ̀dà, ó wo ejẹ́ńtì. Ejẹ́ńtì ò ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé tuntun ni, mọ́mì?" Yàrá, o ti fọwọ́ kan ọmọ kí wọ́n tó san owó! Ọba wo ló tún lawọ́ tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń jẹ́ orúkọ àgbà. Ní Ìbàdàn, Mellanby Hall ń jẹ́ orúkọ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1948. Ní Ilé-Ifẹ̀, Awólọ́wọ̀ Hall wà. Mọremí ní hall ní Ifẹ̀, ó tún ní òmíràn ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Ìwọ kò torí ìyẹn sọ̀rètí nù. Láàárọ̀ o jẹ́ Executive, lọ́sàn-án o jẹ́ Mini-flat, tí oníbàárà bá fẹ́ yí ẹ̀yìn padà o di Luxury. Orúkọ tó bá tà lò ń jẹ́. Akin lójú ogun kò ní oríkì tó bẹ́ẹ̀.

Ó tó àsìkò kí a fi ìjòyè rẹ han aráyé. Ẹ̀fọn ni Ọ̀tún rẹ, kì í sùn, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Eku ni Balógun. Ó ti jẹ ìwé GST ọmọ méjì, ó sì ń múra sílẹ̀ de ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Aáyán ni Ìyálóde, ó ń ṣàyẹ̀wò ìkòkò kí olóúnjẹ tó ṣí i. Atẹ́gùn tó ń ti orí ààtàn Sólúsì bọ̀ ni Arẹ̀mọ. Bó bá wọ ilé, olúkálukú á di imú mú láti fi ọ̀wọ̀ hàn. Jẹnẹrétọ̀ I-pass-my-neighbour tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni onílù ààfin. Aago méje alẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, epo ló ń dá a dúró.

Mo fẹ́ kí wọ́n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dá ìjọba méjì níyà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní 1,277,714 ni wá ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgàndò wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, wọ́n ka tiwọn, wọ́n ní a ju mílíọ̀nù méjì lọ. Kí ni wọ́n ń jà sí? Kí wọ́n wá kan ìlẹ̀kùn irú rẹ ní aago méjì òru. Ẹni méjì ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ láńlọ́ọ̀dù. Àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ skwọ́tà: ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní òun máa lọ lọ́la láti oṣù Kejì, ẹ̀kẹrin kò sí ẹni tó mọ ẹni tó mú un wá.

Ọba tó bá lọ́lá a máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Tìrẹ pọ̀. Owó ilé wà lọ́tọ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́tọ̀, káṣọ̀n lọ́tọ̀. Owó ọlọ́dẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, owó ìdọ̀tí ń tẹ̀lé e. Ejẹ́ńtì tún gba ti ẹsẹ̀ tó fi rìn wá, kó tó gba ti ẹnu tó fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá ọmọ á fi ṣe ìṣirò tán, ó di kí ó jókòó lórí àga tí kò tíì rà fún ọ.

Láńlọ́ọ̀dù wá ní òun á gba ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá, ibí ni mo ti ń bẹ̀rù rẹ jù, torí ìwọ lo kọ́ bàbá rẹ láti máa tẹ òfin mọ́lẹ̀. Òfin Ilé Yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí, kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè san ₦100,000 owó ìtanràn tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin kan náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì owó tó bá san. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀; wọn ò yọ Alímọ̀ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé ni ará Ìkòyí fi ń ṣe ọlá lé wa lórí. Ohun kan ṣoṣo tí a ní tí wọn ò ní, láńlọ́ọ̀dù Ìgàndò fi ń nu ìdí ìkòkò.

Yàrá ọba, mo tún kí ọ!
O kéré lójú, o tóbi lápò.
Ẹni tó rí ọ lọ́sàn-án san owó, ẹni tó rí ọ lóru san omijé.
A kì í fẹ́ ọ, a kì í rí òmíràn.
Ọmọ tó jáde nínú rẹ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí, kí wọ́n fún un ní méjì:
ọ̀kan fún ohun tó kà, ọ̀kan fún ibi tó sùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ tí orúkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, oríkì tí mo kì yìí, ẹnu ejẹ́ńtì ni mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ki yàrá, iṣẹ́ tiyín ni láti wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ gba yàrá ní Ìgàndò tàbí Akẹsán ìtòsí rẹ̀, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí òjò ńlá bá dá. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúnra yín. Ẹ tan iná. Ẹ fọwọ́ kan ògiri. Ẹ wọ dáńfó láti ibẹ̀ dé Ọ̀jọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tó wà nínú márùn-ún ejẹ́ńtì. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kejì léèrè ìdí tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi kó jáde. Ẹ má san ju ọdún kan lọ, ẹ má sì kúrò níwájú láńlọ́ọ̀dù láìgba rìsíìtì.