Ẹ Wá Wo Irinṣẹ́ Panápaná Àdúgbò

Ẹni tó bá ní ìjọba nìkan ló ní panápaná l'Ọ́fà, kò tíì rí ibi tí iná ti ń jó. Kí ẹnì kan ṣáà ké "Iná o!" lọ́jà Owódé nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ wo bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ panápaná àdúgbò yóò ṣe tú jáde. Wọn kì í gbowó oṣù, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè lé wọn lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀ wọn tó tóbi jù ni ọmọlanke mẹ́rúwà. Mẹ́rúwà yóò kọ́kọ́ bèèrè ta ni yóò sanwó kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má bá a wí: ìlú tí wọ́n sé odò Òyún mọ́lẹ̀ fún, omi ṣì ń wọ́n níbẹ̀. Ọ̀kadà ló tẹ̀ lé e. Òun ló ń sáré lọ pe panápaná ìjọba, torí kò sẹ́ni tó rántí 112. Òun náà ló sì ń kó òǹwòran bọ̀.

Irinṣẹ́ ńkọ́? Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti sán nídìí. Píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń sọ lódindi bí ẹni sọ òkò. Yanrìn tí bàbá kan rà láti fi kọ́lé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Omo. Ọlọ́gbọ́n kan kì í wọ́n níbi iná, yóò da Omo sínú garawa, yóò fọwọ́ rò ó, ó ti ṣe fóòmù nìyẹn. Fóòmù gidi máa ń bo bẹntiróò mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án. Ìhó Omo kì í dúró gbọ́ ẹjọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ ń da omi lásán sí bẹntiróò ọ̀hún. Bẹntiróò a léfòó, omi a gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kejì, a ó wá ní ọwọ́ ọ̀tá wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Fóònù tí àwọn òǹwòran fi ń ya iná nìkan ni kì í tán. Ká ní ó ń tú omi ni, iná ì bá má jó ju tábìlì kan lọ.

Bí ọkọ̀ pupa bá wá dé, a ó bèèrè ohun tó pẹ́ sí, òkò la ó sì fi bèèrè. Irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ lè gbé 10,000 lítà omi. Bí páìpù méjì bá ń tú u dáadáa, kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ó ti gbẹ. Etí títì ló yẹ kí ẹnu omi wà tí wọn yóò ti rọ òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù la kọ́ síbẹ̀, lórí gọ́tà. Bí ọkọ̀ bá yí padà lọ pọnmi, a ní wọ́n sá.

Ní Philadelphia lọ́dún 1736, Benjamin Franklin àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ ni oníkálukú ń mú wá, pẹ̀lú àpò tí wọn yóò fi kó ẹrù onílé yọ nínú iná. Àwa náà ní àwọn tó ń kó ẹrù yọ, àmọ́ wọn kì í dá a padà. Ní Chile títí dòní, ọ̀fẹ́ ni àwọn panápaná ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ gidi sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀fà tó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943 kò lè ní òun ò lágbára. Pọ́ńpù tí àgbẹ̀ fi ń fa omi odò, tàǹkì omi, páìpù gígùn, ká kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ akẹ́rù: yóò gba àárín ìsọ̀ tí ọkọ̀ ńlá ò lè gbà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé olóṣèlú wo ló fẹ́ já ríbọ́nù níwájú kẹ̀kẹ́?

Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ yóò yan alága, alága yóò mú ọjọ́ ìkówójọ, àwọn ìyá wa yóò mú aṣọ ẹbí. Léèsì pupa ni mo fara mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má ra èyí tó rí bí ọ̀rá. Iná máa ń tètè mú un.