Mo Ṣì Ń Rò Ó
Bàbá kan ń dá gbé ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọkọ̀ òfuurufú lọ Kánádà. Ìjọ mẹ́ta ló ń du ọkàn kan ṣoṣo yìí. Àwọn aláṣọ funfun ń gbé àkàrà wá láràárọ̀, àwọn onípẹ́ńtíkọ́sì ń bá a pọnmi, àwọn tó ń lọ sí Redemption Camp ní Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù sì ti fi àyè pamọ́ dè é nínú bọ́ọ̀sì, níwájú pàápàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bàbá á rẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣì ń rò ó." Ará ilé kejì gba Jésù lọ́dún tó kọjá; láti ìgbà náà, ìdámẹ́wàá nìkan ló ń gbé ẹnikẹ́ni dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá rí i. Ó ní kí wọ́n máa fi ata díẹ̀ kún àkàrà náà.