Ọ̀fẹ́ Ni, Àmọ́ Ẹ Wá Bọ́tìnnì Rẹ̀ Fúnra Yín

Ta ni kò fẹ́ ọ̀fẹ́? Ká ní ẹnì kan ń ṣe báńà ọjọ́ ìbí ní Kamazou, ní Kàdúná, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu owó epo lẹ́yìnkùlé, GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, á yá a lára. Láti 1996 ló ti wà, kò gba kọ́bọ̀. Ó lè sọ ojú ìyá àgbà di ojú omidan.

Wàhálà dé nígbà tí iṣẹ́ parí. Látìgbà tí ẹ̀dà 2.8 ti jáde ní 2012, ẹ tẹ “Save”, XCF, irú fáìlì tirẹ̀, nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ JPEG, kó lọ wá “Export” kàn. Àwọn tó ṣe é ní ìdí: XCF kì í jẹ́ kí ìpele àwòrán kankan sọnù. Ìdí gidi ni. Àmọ́ oníbàárà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pariwo “Ọ̀gá, ṣé kò tíì jáde ni?”, kò bá XCF pàdé rí.

Kí n má purọ́, ọdún 2012 yẹn náà ni wọ́n fàyè gba àwọn fèrèsé GIMP, tó ń fọ́n káàkiri bí ọmọ tí ìyá wọn lọ ọjà, láti wọlé sójú kan.

Ẹ̀yin tó ń kọ ètò ọ̀fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó ti oníbáńà fún wákàtí kan. Kẹ́ ẹ kàn máa wò ó. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan.