Àrìnjìnnà Tí Kò Rìn

Àwọn àgbà ní àrìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń pa á lówe, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jìnnà. Ẹni tó bá gbéra n'Ífẹ̀-Ọ̀dàn tó lóun ń lọ sétí òkun, yóò sùn lójú ọ̀nà, yóò tọrọ omi mu lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, yóò ṣìnà, òjò yóò pa á, ajá yóò sì lé e. Bó bá wá padà dé tó lóun rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó yọ iké lẹ́yìn, ta ni yóò pè é lópùrọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti jẹ́rìí sí i kó tó lanu.

Ayé ọkọ̀ la wà yìí. A ṣì ń jìnnà, kódà a ń jìnnà ju àwọn baba wa lọ. Ìrìn ni a ò rìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè Èjìgbò gbọ̀ngbọ̀n. Agbo ilé wo ni kò léèyàn ní Côte d'Ivoire? Èjìgbò gan-an ni bọ́ọ̀sì ti ń gbéra lọ sí Àbíjàn. Èdè Faransé ń dún lọ́jà wa, owó sẹ́fà kì í sì í ṣàjèjì lọ́wọ́ oníṣòwò. Bọ́ọ̀sì náà yóò la ilẹ̀ Benin, Tógò àti Gánà kọjá, yóò dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji, Aflao àti Elubo. Àdéhùn tí àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ní kí ọmọ ilẹ̀ wọn kan wọ ilẹ̀ èkejì fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Àwọn tó na okùn sójú títì ṣì ń kà á lọ́wọ́, wọn ò tíì kà á tán.

Àwọn tó kọ́kọ́ lọ nínú wa, igbá ọjà ni wọ́n rù kiri Treichville àti Adjamé, àwọn àdúgbò kan n'Ábíjàn. Wọ́n ń tà láwìn, nítorí náà wọ́n mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ajẹgbèsè lè sá pamọ́ sí. Mápù wo ló péye tó gbèsè?

Ẹ wá wo àlejò òde òní. Bàálù gbé e dé pápákọ̀ Port-Bouët. Ó tẹ fóònù, ọkọ̀ onígíláàsì dúdú dé, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e gba Koumassi, wọ́n gbé e gba Marcory, wọ́n gbé e gba àárín Treichville, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń tajà; fóònù ló ń wò. Wọ́n gun afárá, wọ́n já a sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Plateau. Ó sùn, ó ra bàtà nínú ilé ìtajà ńlá kan tó jọ ti Ìkẹjà, ó ya fọ́tò, ó padà. Níbi ìkómọ nílé, ó gba gbohùngbohùn: "Àbíjàn kúrò ní kékeré, Paris ni!" Ẹ bi í pé apá ibo ni Treichville wà sí ọ̀sà. Yóò ní netiwọ́ọ̀kì ò dáa. Bó bá jẹ́ pé jíjìnnà nìkan ni ìrìn àjò, àpò gàrí tó ń lọ lábẹ́ bọ́ọ̀sì Èjìgbò jù ú lọ: òun kúkú fojú rí gbogbo ẹnubodè, wọ́n sì tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń pe ẹlẹ́sẹ̀ ni Àbíjàn. Orí omi ló jókòó lé. Ọ̀sà Ébrié là á sí méjì; lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi tán ní 1950, ọkọ̀ òkun ńlá ráyè wọ inú ọ̀sà, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ bí iná ọyẹ́. Wọ́n ṣe afárá Houphouët-Boigny ní 1957, wọ́n ṣe ti de Gaulle ní 1967, wọ́n ṣí ti Henri Konan Bédié, tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rí ìlú náà, kó fi afárá sílẹ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú omi ti SOTRA, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960. Ṣéńjì àpò lásán lowó rẹ̀. Láti Treichville sí Plateau, akọ̀wé tó so táì yóò jókòó ti ìyá tó gbé ọpọ́n àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, lé itan, atẹ́gùn kan náà ni yóò sì máa fẹ́ sí wọn. Àwọn ilé gogoro Plateau yóò máa dìde bọ̀ lókè omi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó gba orí afárá nínú ọkọ̀ tútù kò rí i. Ó sanwó jù, ó ríran dín.

Ká wá dé Adjamé, ibùdó gbákà, bọ́ọ̀sì akérò kékeré wọn. Àpíráńtì, ìyẹn agbowó ọkọ̀, fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ara rẹ̀ wà níta, ó ń ké "Yopougon! Yopougon!", ó ń fi ẹyọ owó kan irin ọkọ̀ kí awakọ̀ lè mọ̀ pé èrò fẹ́ sọ̀. Ìyá Anàgó kan, bí wọ́n ṣe ń pè wá níbẹ̀, na owó ńlá sí i. Ó ní kò sí ṣéńjì. Ìyá fi Faransé bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ìyá fi Faransé bínú, kò gbọ́. Ìyá bá bọ́ sí Yorùbá Èjìgbò paraku, ó ń bi í léèrè ìyá tó bí i. Kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, àmọ́ ṣéńjì jáde. "Má bínú, tantí." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwé atọ́nà wo ló kọ ìyẹn sílẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ ológeere náà tún wà. Nígbà kan níhìn-ín, ẹni tó bá ra Raleigh, àdúgbò á wá kí i kú oríire. Lónìí, bí ọmọ wa kan bá gun kẹ̀kẹ́ n'Ábíjàn, àǹtí rẹ̀ á tẹ ilé láago: "Ẹ wá mú ọmọ yín o, nǹkan ò rọgbọ!" Èmi náà ò ní kó lọ bá gbákà du ọ̀nà lórí afárá; oríburúkú ni kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà etíkun láti Port-Bouët lọ sí Grand-Bassam tẹ́ pẹrẹsẹ, àgbọn lọ́tùn-ún, àgbọn lósì, òkun ń hó. Bassam ni àwọn Faransé fi ṣe olú-ìlú ní 1893. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá wọn jà ní 1899, wọ́n kó ẹrù lọ sí Bingerville. Àwọn ilé tí wọ́n sá fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, UNESCO sì kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2012. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ á ti làágùn tó bí èèyàn ṣe ń làágùn nínú ìtàn.

Òmùgọ̀ kan tún wà lódì kejì o. Òun wọ gbákà lóòótọ́, àmọ́ kámẹ́rà ló gbé síwájú. Ó ń ya oníṣòwò, ó ń ya àpíráńtì, kò kí ẹnì kankan. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wá. Òwe àwọn àgbà sọ pé àrìnjìnnà yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọn ò sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ò lójú. Nínú gbákà yẹn, gbogbo èrò ti jìnnà wá láti abúlé wọn kí wọ́n tó bá a pàdé, òun ló sì wú lẹ́yìn, pẹ̀lú àpò kámẹ́rà tó so kọ́.

Nítorí náà, bí ará Àbíjàn bá dé fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ má tètè gbé gbohùngbohùn fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi í: èló ni gbákà láti Adjamé sí Yopougon? Ta ló jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kí lẹ sì jọ sọ? Bó bá dáhùn, ẹ gbé ẹran tó nípọn fún un, kó máa ròyìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bó bá ń wá fóònù nínú àpò, ẹ yá a ní kẹ̀kẹ́, kó gùn ún láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ sí Èjìgbò ná.