Ẹjọ́ Iṣu Ọba

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ajá àti Ọ̀kẹ́rẹ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́ tán ni Kìnnìún ọba kéde pé olè ti kó iṣu nínú abà òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹranko gbogbo pé sí ààfin. Ìjàpá, tó ti fi ara rẹ̀ ṣe lọ́yà ìlú, tún agbádá ṣe, ó ní: "Kábíyèsí, ẹjọ́ yìí kò le. Ẹni tó bá jalè lóru òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ rèé lẹ́sẹ̀ Ajá. Ajá ni olè!" Ló bá dá orin:

Ajá wọ abà ọba lóru,
Kíjàn-jàn, kíjàn!
Ó kó iṣu mẹ́fà sápò,
Kíjàn-jàn, kíjàn!
Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ló tú u fó,
Kíjàn-jàn, kíjàn!

Orin náà dùn. Ewúrẹ́ ń gbè é, Ìnàkí ń jó, Àgbò ti lọ gbé okùn wá. Bí Ajá bá la ẹnu, wọn a ní kó má ba orin jẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́, tó sun orí igi, sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Kí adé pẹ́ lórí. Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ara wa."

Wọ́n wolẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Ewúrẹ́, ó wà lẹ́sẹ̀ Àgbò, ó há sí èékánná Kìnnìún fúnra rẹ̀.

"Òótọ́ ni, ẹni tó jalè lóru òjò á ní ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹlẹ́rẹ̀ kọ́ ni olè. Àbí Kábíyèsí ló jí iṣu ara wọn ni?"

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Àgbò.

"Kábíyèsí, iṣu mélòó ló sọnù?"

"Mẹ́fà. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ló wá sọ fún Ìjàpá tó fi kọ ọ́ lórin? Ìyẹn nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi o. Ẹ lọ wo ilé rẹ̀."

Wọ́n bá márùn-ún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan ń hó lórí iná Yánníbo. Àwọn elégbè ní àwọn kò gbọ́ "mẹ́fà" rárá. Kíjàn-jàn làwọn ń gbè.

Ọba ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ máa kọ́ ìlú ní bí a ṣe ń ro ọ̀rọ̀ já. Oòrẹ̀ oníṣègùn kò fún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ní àgbo ibà mọ́. Ó ń wádìí ohun mìíràn tó lè mú ara gbóná. Adìyẹ elépo ń tọ́ epo wò kó tó rà á: epo gidi a máa pọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń da àwọ̀ sí ayédèrú kó lè pọ́n. Àgbò jókòó kíláàsì lọ́jọ́ kan péré, ó dìde, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá mọ orin kọ ni olè.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká: ẹ gbọ́ orin yé kí ẹ tó gbè é. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó! Pó! Pó! Ó ró. Ẹ̀yin elégbè, kí ni ìyẹn wá fi hàn?