Bàbá Ṣàtó

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá tíì bá a pàdé lójúkojú, ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp: ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lọ́wọ́, wáìnì pupa bíńtín nísàlẹ̀ ife, odò Garonne lẹ́yìn, ìborùn lọ́rùn nínú ooru oṣù Keje. Bordeaux ló ń gbé. Kò jẹ́ sọ fún yín pé ilẹ̀ Faransé lòun wà, torí ilẹ̀ Faransé ti fẹ̀ jù, ẹnikẹ́ni ló lè wà níbẹ̀. Bordeaux ni. Yóò sì ha ọ̀fun kó tó pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ l'Ékòó ló sọ ọ́ ní Bàbá Ṣàtó, torí kò sí ilé olókùúta létí ọ̀nà tí kò ní sọ pé ṣàtó ni, ìyẹn ààfin inú ọgbà àjàrà. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun fi joyè.

Àwa tí a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ mọ̀ pé Kánádà ló gbààwẹ̀ lé lórí. Kánádà ò dá a lóhùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó físà, wọn ò fún un ní físà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Mérignac, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú Bordeaux wà, ló ní kó máa bọ̀, inú máàpù ló sì ti kọ́kọ́ wá ibẹ̀ rí. Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí: ó ní láti kékeré ni ọkàn òun ti ń fà sí ọgbà àjàrà. Ọgbà àjàrà wo, ní Múṣin?

Ọ̀rọ̀ ọtí gan-an ló dùn jù nínú ìtàn rẹ̀. L'Ékòó, olórí ọ́ṣà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í ti dárúkọ ọtí àfi tí wọ́n bá ń lé ẹ̀mí èṣù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Bordeaux, omi ọsàn ló ń mu níbi àríyá ọ́fíìsì. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé fún wa pé wáìnì kì í ṣe ọtí, àṣà ìlú ni. Nígbà tó tún yá, ó rán wa létí ìgbéyàwó Kánà ti Gálílì. Pásítọ̀ rẹ̀ pè é ní Sátidé kan: "Arákùnrin, ṣé ẹ ṣì dúró nínú ìgbàgbọ́?" Ó ní, "Mo dúró, sà." Lóòótọ́ ló dúró. Ìdí káńtà wáìnì ló dúró sí, ní Saint-Émilion.

Ìmọ̀ rẹ̀ ti wá pọ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ ó gbọ́ pé lápá òsì odò, ní Médoc, Cabernet Sauvignon ni àjàrà tó jọba, pé lápá ọ̀tún, Merlot ni. Ẹ ó gbọ́ nípa 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta ní kí wọ́n to àwọn wáìnì Bordeaux ní ipò-ipò fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Paris, àti bó ṣe di 1973 kí Mouton tó kúrò nípò kejì bọ́ sí ìkíní. Lafite, Latour, Margaux, Haut-Brion, Mouton: ó ń kì wọ́n bí onírárà ṣe ń ki àwọn ìjòyè. Kò tíì fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn rí. Ìgò tó wà nílé rẹ̀, pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti mú un ní súpámákẹ́ẹ̀tì, níbi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó tó o. Kí àlejò tó dé, á ti dà á sínú ìgò gíláàsì onídìí ràgbàjà, á sì ti fi ìgò àkọ́kọ́ pamọ́ sábẹ́ síǹkì.

Ó wá ku ti ìtọ́wò. Wọn á rọ díẹ̀ fún yín, ẹ ó yí i nínú ife, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó mu ún sẹ́nu, ẹ ó sì tu ú sí korobá. Ó nídìí: ẹni tó fẹ́ tọ́ ogún wáìnì wò láàárín ọ̀sán kan, tó bá ń gbé e mì, wọn á gbé òun náà relé. Bàbá Ṣàtó ò tọ́ ju mẹ́ta wò. Ibẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀ fi pè é lórí fídíò.

"Àkànní, kí lò ń tu dànù yẹn?"

"Wáìnì ni, Màámi."

"Ó ti kan ni?"

"Rárá o, mà. Ó dára gan-an."

"Ṣé wọ́n fi ta ẹ́ lọ́rẹ ni?"

"Mo sanwó, mà. Yúrò márùndínlọ́gbọ̀n."

Màámi dákẹ́ díẹ̀, ó ń ṣírò rẹ̀ sí náírà.

"Àkànní, gbé e mì."

Ohun tí kò sí nínú fọ́tò ni pé àwọn tó ni ọgbà àjàrà gan-an ti ń hu ú. Àwọn ará Faransé ò mu wáìnì pupa bíi ti àwọn bàbá wọn mọ́, àwọn ará Ṣáínà tó ń rà á wọ̀ǹtì-wọnti ti fà sẹ́yìn, wáìnì sì kún inú àgbá. Ní 2023, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ ní agbègbè Gironde láti san yúrò 6,000 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan fún àgbẹ̀ tó bá gbà láti hu àjàrà rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bàbá Ṣàtó pàdé irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan ní Entre-deux-Mers, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè nípa erùpẹ̀, nípa òkúta inú ilẹ̀, nípa ibi tí oòrùn ń gbà kan ewé. Àgbẹ̀ náà gbọ́ ọ dópin. Ó wá bi í bóyá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gba ènìyàn síṣẹ́, torí ọmọ òun ọkùnrin.

Àbúrò obìnrin kan wà, ọmọ Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin, tó ń kàwé ní yunifásítì ìlú náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níléèwé láti kékeré. Òun ló mú un lọ sí Quai Louis XVIII, níbi tí ère Modeste Testas wà láti 2019: obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú nílẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn oníṣòwò Bordeaux rà, tó sì bára rẹ̀ ní Saint-Domingue, tí à ń pè ní Haiti lónìí. Ó ṣàlàyé fún un pé èbúté yìí ni àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrú tó lé ní 100,000 ti gbéra, pé àwọn orí òkúta tí wọ́n gbẹ́ sára ilé ní Place de la Bourse, tó fi ń ya fọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojú ènìyàn dúdú wà nínú wọn. Bàbá Ṣàtó mi orí. Ó wo ère náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Àbúrò, ṣé ìmọ́lẹ̀ ibí máa ń dáa nírọ̀lẹ́?"

Àbúrò yìí kan náà ló ń bá a ka lẹ́tà ìjọba. Èyí ni kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé kó tó rí yàrá kan àti pálọ̀ gbà, onílé béèrè ìwé owó oṣù mẹ́ta, owó oṣù tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ilé, àti oníduùró, ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan. Kò sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú tó ń sáré tún ṣe kí ọjọ́ tó pé lé e lórí, tí wọ́n wá ń fún un ní ìwé pélébé mìíràn pé ìwé ń bọ̀. Kò sọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì tó kàn ń wò ó láìdáhùn, torí ó béèrè búrẹ́dì láì kọ́kọ́ kí i. Òun, ọmọ Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀! Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló gbé e wọ kíláàsì èdè lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, nínú òtútù, títí tó fi bá onílé jà lórí fóònù lédè Faransé, tó sì borí. Lójú tèmi, èyí gan-an ló tó fi ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé kò ṣe é yí nínú ife.

Ó ti di onílùú báyìí. Láti 2017 tí ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ti ń dé láti Paris láàárín bíi wákàtí méjì, ará Paris ti ń ya wọ̀lú, owó ilé ń gòkè, inú sì ń bí àwọn ọmọ ìlú débi pé lọ́dún náà gan-an, ìwé ìlẹ̀mọ́ hàn lára ògiri pé kí ará Paris padà sílé. Bàbá Ṣàtó ti bá wọn pín nínú ìbínú yìí. Níbi ìpàdé àwọn ayálégbé, ó dìde, ó ní àwọn àjèjì ti pọ̀ jù, wọ́n ti ba ìlú wa jẹ́. Ìyá àgbà tó ń gbé lókè rẹ̀, tí wọ́n bí sí àdúgbò yẹn, ń wò ó títí tó fi jókòó.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí i láti Ìbàdàn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́ o, mo ti rí àyè ìwé gbà ní Bordeaux. Àwọn fọ́tò yín ló jẹ́ kí n mọ ibẹ̀." Ó fi ohùn ránṣẹ́ padà.

"Ọlọ́run ṣeun, àbúrò. Ṣùgbọ́n, ṣé o ti gbìyànjú Toulouse wò?"